Ẹ Bi Ìyá Abẹ́rẹ́: Tẹ́dì Mi Ò Lè Gbé Orí Ró

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti oṣù tó kọjá tí mo ti fi fọ́tò ìjàpá aláǹkárá tí mo rán fún ọmọ-ọmọ mi sí ojú ewé yìí, lẹ́tà ò jẹ́ kí n simi mọ́. Gbogbo yín lẹ fẹ́ rán tiyín, àwọn kan sì ti rán an tán, tó ti bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó rántí mi. Kò burú. Mo mú méje jáde nínú ẹ̀, ẹ̀yin tó kù ẹ ṣe sùúrù, ó máa kàn yín.

*

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Bọ́tìnnì tó já lára ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi nìkan ni mo rán rí láyé mi. Ọmọ mi obìnrin máa pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ rán tẹ́dì ńlá kan fún un, èyí tó máa ga tó òun fúnra ẹ̀. Ṣé kí n lọ ra maṣíìnì ni àbí kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀? (Ìyá Olóríire, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

Ìyá Olóríire, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra maṣíìnì o. Owó yẹn, ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà. Nǹkan tẹ́ ẹ nílò ò ju abẹ́rẹ́, òwú tó nípọn díẹ̀, sísọ́ọ̀sì tó mú dáadáa, ṣọ́ọ̀kì, páálí kan tó ti ṣófo, fáíbà (nǹkan funfun rírọ̀ tó máa ń wà nínú pílò), àti àgékù aṣọ tí télọ̀ àdúgbò yín ń gbá dà nù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ẹ kí i dáadáa, á di báàgì kan fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tẹ́dì tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn náà, ẹ jẹ́ ká gbé e tì ná. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe yín, àmọ́ tẹ́dì ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bí ilé alájà méjì ló rí lọ́wọ́ bíríkìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ńtì. Fáíbà tó máa jẹ á pọ̀ débi pé ẹ ó máa tú pílò orí bẹ́ẹ̀dì yín sí i, kẹ́ ẹ sì tó rán ẹ̀gbẹ́ kan dé ìdajì ọwọ́ á ti máa ro yín, ọjọ́ ìbí á sì ti kọjá.

Ẹja ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹja ò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, kò létí, ègé aṣọ méjì péré ni. Ẹ ya ẹja tó gùn tó inṣì mẹ́jọ sórí páálí, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìdí ìrù ẹ̀ sanra, torí ìrù tó bá tín-ín-rín ò ní ṣeé yí síta. Ẹ gé e, òun ni pátánì yín. Ẹ ṣẹ́ aṣọ po sí méjì kí ojú kọ ojú, kí ẹ̀yìn aṣọ wà níta, ẹ gbé páálí lé e, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí ẹ̀. Ojú ilà ṣọ́ọ̀kì yẹn lẹ máa rán o, kì í ṣe ibẹ̀ lẹ máa gé. Ẹ fi nǹkan bí ìdámẹ́rin inṣì sílẹ̀ níta ilà kẹ́ ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì sí i. Ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń rán an tán kó tó gé e rárá, torí aṣọ tí wọn ò tíì gé kì í sá kiri lábẹ́ abẹ́rẹ́, èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá ti jẹ́ nǹkan kékeré.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rán an rèé: abẹ́rẹ́ yọ síwájú, ó padà sẹ́yìn lọ wọ ihò tó ti jáde tẹ́lẹ̀, ó tún gba abẹ́ yọ síwájú. Kí ojú rírán kọ̀ọ̀kan má ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ. Ẹ má kàn tá a lọ bí tákìn, ìyẹn tí abẹ́rẹ́ ń wọlé-jáde wọlé-jáde lọ tààrà, torí tẹ́ ẹ bá ti ń ki fáíbà sí i báyìí ó máa ya ẹnu, ẹ ó sì máa rí funfun láàárín òwú. Ẹ má rán an pé o! Ẹ fi inṣì méjì sílẹ̀ lábẹ́ ikùn níbi tó ti lọ gbọọrọ, ẹ má fi síbi tó ti ká, ẹ ò ní lè pa á dé kó dùn ún wò. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹnu sísọ́ọ̀sì ṣá etí aṣọ wẹ́wẹ́ níbi tó bá ti ká, kó má ṣáà kan òwú, torí tẹ́ ẹ ò bá ṣá a, ibi tó yẹ kó rí roboto á máa rí jágajàga. Ẹ yí i síta, ẹ fi ìdí bírò ti ìrù ẹ̀ jáde, ẹ ki fáíbà sí i.

Ó wá ku ẹnu tẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣẹ́ etí aṣọ méjèèjì sínú, kí abẹ́rẹ́ gba inú ibi tẹ́ ẹ ṣẹ́ lápá ọ̀tún díẹ̀, kó kọjá sí apá òsì, kó gba inú ibẹ̀ náà díẹ̀, kó tún padà. Òwú á máa hàn bí igi àkàbà láàárín méjèèjì. Tó bá ti di bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ wá fa òwú. Ẹ máa rí i tí ẹnu yẹn á kàn pa dé tí òwú á sì wọlẹ̀. Èmi tí mo ti ń rán nǹkan látọjọ́ yìí, ó ṣì máa ń dùn mọ́ mi bí idán.

Ẹ má sì fojú yẹpẹrẹ wo ẹja kékeré o. Margarete Steiff, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe tẹ́dì láyé, erin kékeré kan ló fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Giengen ní Jámánì lọ́dún 1880, kì í sì í ṣe pé ó rán an fún ọmọdé, ibi tí èèyàn á máa gún abẹ́rẹ́ sí ni! Àwọn ọmọ ló gbà á tí wọ́n fi ń ṣeré. Rọpárọsẹ̀ sì ti mú obìnrin yẹn láti kékeré, kò lè rìn, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Tẹ́dì gangan, ó di 1902 kí Richard, ọmọ tí àbúrò ẹ̀ ọkùnrin bí, tó gbé ti ilé iṣẹ́ wọn jáde, ìyẹn ọdún méjìlélógún lẹ́yìn erin. Ẹ̀yin ẹ̀ ń fẹ́ ṣe é lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹja lọ́sẹ̀ yìí, ẹja míì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ (ìkejì ló máa ń dára), tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kẹta ẹ lè dán tẹ́dì oní-inṣì mẹ́wàá wò. Ọmọ yín ò ní fi téèpù wọ̀n ọ́n.

*

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rán tẹ́dì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fílíìsì búráùn (aṣọ rírọ̀ bíi ti búláńkẹ́ẹ̀tì) ni mo lò. Nígbà tí mo rán an tán, orí ẹ̀ ń ṣubú sẹ́yìn bíi tọmọ ìkókó, ara ẹ̀ rí gbágungbàgun, ẹsẹ̀ kan kọjú síwájú, ìkejì kọjú sẹ́yìn. Àfẹ́sọ́nà mi ní ó jọ ewúrẹ́ tí mọ́tò gbá. Kí ni mo ṣe? (Adérẹ̀rín, Òṣogbo)

Adérẹ̀rín ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín o, má bínú. Àmọ́ fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ yẹn, ojú rírán ẹ̀ dáa ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi lọ, wàhálà ẹ kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ rárá.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ẹsẹ̀. O rán ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀, o wá há wọn sáàárín iwájú àti ẹ̀yìn ara kó o tó rán ara pọ̀, àbí? Nígbà tí gbogbo ẹ̀ ṣì wà ní ìyípadà, inú wà níta, ìka ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wo ègé aṣọ ti ikùn. Ọ̀kan wo ikùn, ìkejì wo ẹ̀yìn, o ò mọ̀ torí pé wọ́n ti sá wọnú. Tó o bá ti fi pín-ìnnì há wọn tán, kó o tó fi abẹ́rẹ́ kàn án, yí i síta wò. Ó máa gún ẹ lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ó sàn ju kó o máa tú u lọ. Irú ẹ̀ ló ṣe èmi náà rí: mo gé apá òsì erin méjì láti ara àrán olówó ńlá tí mo ṣẹ́kù láti ara ìró ìgbéyàwó ọmọ mi, mi ò yí pátánì dà nígbà tí mo fẹ́ gé ìkejì. Àrán sì rèé, ojú kan ṣoṣo ló ní. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ègé tí mo bá gé, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ "ọ̀tún" tàbí "òsì" sẹ́yìn ẹ̀ kí n tó dìde lórí tábìlì.

Gbágungbàgun wá ńkọ́? Bó o ṣe ki fáíbà ni. Mo mọ ohun tó o ṣe bí ẹni pé mo wà níbẹ̀: o já fáíbà ní ìṣù-ìṣù, o rọ́ ọ mọ́lẹ̀ bí ọmọ tó ń ki aṣọ ìdọ̀tí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ìyá ẹ̀ ń bọ̀. Ìṣù kọ̀ọ̀kan ló ń yọ gọngọ lára awọ ẹ̀ yẹn. Fáíbà, ńṣe ni wàá tú u, wàá fa á ya díẹ̀díẹ̀ títí á fi rí fúkẹ́fúkẹ́ bí ìkùukùu, bí àwọn ìyá àgbà ṣe máa ń tú òwú kí wọ́n tó ran án. Ibi tó jìnnà jù ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, imú, ìka ẹsẹ̀, etí, díẹ̀díẹ̀ bí èyí tó wà lórí ìka méjì, kó o fi ìdí bírò tì í. Tó o bá dé ikùn, èyí tó kún àtẹ́lẹwọ́ ni kó o máa mú, kó o fi tẹ́ ẹ̀gbẹ́ yí ká, kó o tó di àárín. Tó o bá rò pé ó ti kún, kò tíì kún. Jókòó lé e díẹ̀, wàá rí i pé ó tún gba ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i. Fílíìsì náà ní tiẹ̀, ó máa ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, mú un lọ́wọ́ méjèèjì kó o fà á wò. Apá tó ń fà yẹn gbọ́dọ̀ lọ ní ìbú ikùn, kó lè sanra. Tó o bá gé iwájú ní ìbú tó o gé ẹ̀yìn ní òró, tẹ́dì á wé mọ́ra ẹ̀ bí ẹni tí inú ń run.

Orí tó ń ṣubú, ọrùn ló ṣófo. Gbogbo èèyàn ló máa ń ki orí kó le, wọ́n á ki ikùn kó le, wọ́n á wá rán méjèèjì pọ̀ láì sí nǹkan kan láàárín, kí ló wá fẹ́ gbé orí ró? Rọ́ fáíbà sí ọrùn kó le bí igi, kí ìdajì ẹ̀ wà nínú orí kí ìdajì wà nínú ara, kó o wá fi òwú ìlọ́po méjì rán an yí ká lẹ́ẹ̀mejì. Má ju èyí tó o ti rán nù o. Tú ẹ̀yìn ẹ̀ ní inṣì mẹ́ta, kó gbogbo ìfun ẹ̀ jáde, tú fáíbà yẹn dáadáa, dá a padà. Ẹsẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn yẹn, tó bá jẹ́ èmi, màá fi í sílẹ̀, àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ràn irú ẹ̀.

*

Ṣé mo lè gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó wẹ́wẹ́ kí n kì í sínú tẹ́dì? (Ọmọ Ìjẹ̀bú)

Rárá o. Fóòmù tó ti gbó á máa lọ̀ di lẹ́búlẹ́bú, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ omi ò ní kúrò nínú ẹ̀ títí ọjọ́ mẹ́ta, á wá máa rùn. Ìrẹsì àti ẹ̀wà náà ńkọ́? Kòkòrò á wọ̀ ọ́. Ẹ ra pílò oní-fáíbà tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà kẹ́ ẹ tú u, ọ̀kan á rán ẹja tó pọ̀.

*

Ọmọ mi, báwo ni? Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo ti rán aṣọ ọmọ jẹun rí. Mo rán ehoro fún ọmọ-ọmọ mi tó pé oṣù méje, ojú ẹ̀ ló kù. Mo ní bọ́tìnnì dúdú méjì tó ń dán gbinrin, mo sì lè rán an mọ́ ọn débi tí kò ní já láéláé. Ìyá ọmọ ní òun ò fẹ́. Ṣé kò kàn ń yọ mí lẹ́nu báyìí? (Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta)

Mo kúnlẹ̀ kí yín mà. Ẹ má bínú sí mi, ìyá ọmọ ló jàre. Mo mọ̀ pé òwú yín ò ní já. Aṣọ tó wà nídìí bọ́tìnnì ló máa ń ya. Ọmọ oṣù méje, ẹnu ló fi ń wo nǹkan, á máa jẹ ehoro yẹn láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n á máa fọ̀ ọ́, lọ́jọ́ kan aṣọ á fúyẹ́, bọ́tìnnì á wá bọ́ sí i lẹ́nu nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ihò kan tí wọ́n fi ń dán nǹkan ìṣeré ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta wò, kò fẹ̀ ju inṣì kan àti ìdámẹ́rin lọ, ohunkóhun tó bá lè wọ inú ẹ̀ tán ni wọ́n kà sí ohun tó lè há ọmọ lọ́fun. Nílé, páálí tó máa ń wà láàárín tíṣù róòlù lẹ lè fi wò ó, ó tiẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, kò burú. Bọ́tìnnì yín á já bọ́ láti inú ẹ̀ bí òkò.

Òwú dúdú ni kẹ́ ẹ fi ṣe ojú ẹ̀ mà, ọwọ́ yín sì gbà á ju tèmi lọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrí méjì, ẹ máa rán òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí á fi kún, kẹ́ ẹ wá fi òwú funfun kan tó ẹnu abẹ́rẹ́ sí igun òkè ojú kọ̀ọ̀kan. Ibi funfun yẹn ló máa jẹ́ kó dà bí ẹni pé ehoro ń wo èèyàn. Òmíràn tún ni pé tí ọmọ bá fẹ́ sùn, kí wọ́n gbé ehoro kúrò lórí ibùsùn títí tó fi máa lé ní ọdún kan, àwọn dókítà ọmọ wẹ́wẹ́ ò fẹ́ nǹkan rírọ̀ kankan nítòsí imú ẹ̀. Ẹ tọ́jú bọ́tìnnì yẹn, ẹ fi sára kaftan bàbá.

*

Ẹ ǹlẹ́ ma. Peckham ní London ni mò ń gbé, mò ń rán erin àti ìjàpá aláǹkárá, àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ̀ mí pé kí n máa tà á. Ṣé mo kàn lè gbé tábìlì jáde? (Arẹ́ran-rán)

Ẹ má tíì gbé tábìlì jáde o. Níbẹ̀ yẹn, òfin kan wà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011 lórí ààbò nǹkan ìṣeré, kò sì yọ ẹni tó ń fọwọ́ rán an nílé sílẹ̀, ì báà jẹ́ mẹ́ta péré lẹ fẹ́ tà ní bàsáà ṣọ́ọ̀ṣì. Àmì UKCA tàbí CE (àmì tó ń fi hàn pé nǹkan bá òfin ààbò mu) gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní fáìlì tó fi hàn pé ẹ ti dán an wò. Ìdánwò yẹn, EN 71 ni wọ́n ń pè é. Apá kìíní ẹ̀ ń wò ó bóyá nǹkan á já: wọ́n á fa ojú àti etí ẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo kílò mẹ́sàn-án. Apá kejì ń wò ó bó ṣe ń jó tí iná bá kàn án. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ rán nǹkan ló máa ń ṣe méjèèjì yẹn fúnra wọn nílé. Apá kẹta ló le fún wa, torí ó ń wá kẹ́míkà nínú aró àti aṣọ, ẹni tó tà á fún yín ló sì yẹ kó fún yín ní ìwé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra àǹkárá ní ọjà tí wọn ò mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, tàbí àdìrẹ tí wọ́n pa láró lẹ́yìnkùlé, ìwé wo lẹ fẹ́ rí gbà? Ẹ fi àǹkárá yẹn rán báàgì àti pílò, ẹ rán ìjàpá pẹ̀lú kọ́tìn tó níwèé.

*

Mo ra aṣọ onírun ní Gbági láti fi rán ajá. Bí mo ṣe gé e ni irun gba gbogbo pálọ̀ mi, ojú ibi tí mo rán sì pá. (Ìyá Ajá)

Sísọ́ọ̀sì lẹ fi gé irun pọ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ dojú irun bolẹ̀ kẹ́ ẹ ti ẹ̀yìn gé e, ẹnu sísọ́ọ̀sì nìkan ni kẹ́ ẹ lò, awọ ẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ máa gé kẹ́ ẹ fi irun sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa á kẹ́ ẹ mọ apá ibi tí irun sùn sí, kí gbogbo ègé sùn síbì kan náà, láti orí wá sí ìrù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán an, ẹ máa fi ìka ti irun wọlé sáàárín. Èyí tó bá há sójú rírán, ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá hú u jáde, ibi tó pá yẹn á bò.

*

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo rán ẹja. Mọ́mì mi ní ó jọ bàtà. Ṣé kí n tú u? (Tèmi, Ìlọrin)

Tèmi ọkọ mi, ṣé o ti fi ojú sí i? Lẹ́tà ẹ ò sọ̀rọ̀ ojú. Gé òbìrí funfun méjì àti dúdú kékeré méjì, rán wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀, kó sún mọ́ imú ju bó o ṣe rò lọ, kó wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà kó o tún gbé e lọ fún mọ́mì ẹ.